Kóòdù P0100 kì í ṣe ìwé àṣẹ láti ra sẹ́ńsọ̀: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó náwó sórí airflow ọkọ̀ yín

Àárọ̀ kùtùkùtù ni búrẹ́dì ń tà. Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin oníṣòwò kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tó ní ilé búrẹ́dì kékeré, tó sì jẹ́ pé ọkọ̀ Toyota Sienna kan ṣoṣo ló fi ń kó ọjà fún àwọn oníbàárà rẹ̀ kí aago méje àárọ̀ tó lù. Lọ́jọ́ kan, iná aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń pè ní check engine tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ náà kò kú, àmọ́ kò fẹ́ sáré mọ́. Tó bá fẹ́ gun òkè, ṣe ni yóò máa jákì. Epo tó máa ń gbé e fún ọjọ́ méjì tẹ́lẹ̀ kò gbé e ju ọjọ́ kan ààbọ̀ lọ mọ́.

Wọ́n gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ìyẹn fi ẹ̀rọ síkánà yẹ̀ ẹ́ wò, kóòdù P0100 sì jáde. Mẹkáníìkì ní, "Màámi, airflow yín ló ti bàjẹ́, ẹ mówó wá ká lọ rà á ní Ládípọ̀." Màámi mówó wá, wọ́n ra sẹ́ńsọ̀, wọ́n dè é mọ́ ọn, wọ́n pa kóòdù rẹ́, gbogbo rẹ̀ sì dà bíi pé ó ti parí. Lọ́jọ́ kẹta, iná yẹn tún tàn.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ ni irú èyí kò ṣàjèjì sí, yálà ẹ̀yin tí ẹ ń gbé èrò, ẹ̀yin tí ẹ ń pín omi inú ọ̀rá, àbí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé oúnjẹ lọ síbi ayẹyẹ. Owó tó bá irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe ti sẹ́ńsọ̀ nìkan. Owó ọjọ́ tí ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, ti epo tó ń ṣòfò wà níbẹ̀, oníbàárà tó ti lọ rajà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn náà sì wà níbẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ là yé yín lónìí kò ju ọ̀kan lọ: kóòdù P0100 kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé ọ̀nà tí iná ń gbà láàárín sẹ́ńsọ̀ àti ọpọlọ ọkọ̀ ní ìṣòro. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí yàtọ̀ síra, ibi tí wọ́n sì ti yàtọ̀ ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá lọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

KÍ NI AIRFLOW, KÍ LÓ SÌ Ń ṢE?

Ẹ̀yin tí ẹ ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì mọ̀ pé bí omi bá pọ̀ jù, yóò rọ̀. Bó bá kéré jù, yóò le. Bẹ́ẹ̀ náà ni epo àti afẹ́fẹ́ rí nínú ẹ́ńjìnnì. Kí epo bẹntiróòlù tó wúwo tó gíráàmù 1 tó lè jóná dáadáa, ó nílò afẹ́fẹ́ tó tó nǹkan bíi gíráàmù 14.7. Ọpọlọ ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì, ló ń pinnu iye epo tí nọ́súùlù yóò tú sílẹ̀. Àmọ́ kò lè mọ iye epo tó yẹ láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́kọ́ sọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé fún un. Airflow sensor ni ìránṣẹ́ yẹn.

Ẹ óò rí i lára ọ̀nà rọ́bà tó ti inú àpótí asẹ́ afẹ́fẹ́ wá sínú ẹ́ńjìnnì, kò sì jìnnà sí àpótí asẹ́ náà rárá. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n fi platinum ṣe ló wà nínú rẹ̀. Iná ń mú wáyà yìí gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá sì ń mú un tutù, bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ gbígbóná. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni iná tí wáyà náà nílò kí ooru rẹ̀ má baà dín kù yóò ṣe pọ̀ tó. Iye iná yẹn ni ọpọlọ ọkọ̀ ń kà, tó sì fi ń mọ bí gíráàmù afẹ́fẹ́ tó ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe pọ̀ tó.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní in o. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Honda tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1990 sí 1999, sẹ́ńsọ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní MAP ni wọ́n ń lò. Tí ẹnì kan bá sọ pé airflow irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló bàjẹ́, ẹ ní kó fi í hàn yín kẹ́ ẹ tó na kọ́bọ̀.

KÍ NI KÓÒDÙ NÁÀ Ń SỌ GAN-AN?

Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti ti ọdún 1996 ló ní ètò tí wọ́n ń pè ní OBD-II. Ìdí rèé tí ẹ̀rọ síkánà kan ṣoṣo fi lè ka kóòdù Toyota, Nissan àti Ford tí wọ́n jẹ́ tòkunbọ̀ láti ibẹ̀. Ihò tí wọ́n ń ti síkánà bọ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ní ààyè fún píìnì 16.

Kóòdù márùn-ún ló jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ airflow yìí. P0100 ń sọ pé ọ̀nà iná rẹ̀ ní ìṣòro, láìsọ irú èyí tó jẹ́. P0101 ń sọ pé iṣẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ ń jẹ́ kò bá bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ mu. P0102 ń sọ pé iná tó ń ti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ wá ti kéré jù. P0103 ń sọ pé ó ti pọ̀ jù. P0104 sì ń sọ pé iná náà ń wá, ó ń lọ, bíi ti iná mànàmáná àdúgbò wa.

Ní ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota tó jáde láàárín ọdún 2000 sí 2010, ìlànà ilé-iṣẹ́ náà ni pé tí iná tí sẹ́ńsọ̀ fi ń ránṣẹ́ bá lọ sílẹ̀ ju fóòtì 0.2 lọ, tàbí tó ga ju fóòtì 4.9 lọ, fún ìṣẹ́jú àáyá 3, kóòdù yóò wọlé, iná check engine yóò sì tàn.

Ẹ wá wò ó. Kí ló lè mú kí iná náà lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Sẹ́ńsọ̀ lè kú lóòótọ́. Àmọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè tú, wáyà lè já, fíúsì tàbí rilé tó ń fún un níná lè jó, áàtì rẹ̀ lè má mú dáadáa, bíréènì bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ náà sì lè ní àrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí kò wọ́pọ̀. Nǹkan mẹ́fà ni kóòdù kan ṣoṣo yìí ń tọ́ka sí. Sẹ́ńsọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́fà, òun ló sì sábà máa ń gbówó lórí jù láàárín àwọn tó ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́. Ẹni tó bá ti orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wọ́n.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ AWAKỌ̀ YÓÒ RÍ

Yàtọ̀ sí iná check engine, ọkọ̀ lè máa ṣòro ṣí láàárọ̀, tàbí kó ṣí, kó sì kú lójú ẹsẹ̀. Ó lè máa jákì tí awakọ̀ bá tẹ tọ́tù. Èéfín dúdú lè máa jáde, kí òórùn epo tutù sì máa bá a jáde. Púlọ́ọ̀gì tí wọ́n bá tú lè dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Jíà ọkọ̀ tó jẹ́ ọtomátíìkì lè máa wọlé lọ́nà tó le, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lo iṣẹ́ tí airflow jẹ́ láti mọ ìgbà tó yẹ kí jíà yí.

Àmì kan tún wà tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: ọkọ̀ á ṣí, á rìn, àmọ́ kò ní sáré kọjá ibì kan bí ẹ ti wù kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tó. Ọkọ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ọpọlọ ọkọ̀ kò bá gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ airflow mọ́, yóò lọ sínú ìṣètò ìdáàbòbò, yóò máa fi bí awakọ̀ ṣe ń tẹ tọ́tù àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí méfò iye afẹ́fẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Nissan, ẹ́ńjìnnì kò ní yí kọjá nǹkan bí ìgbà 2,400 láàárín ìṣẹ́jú kan tí èyí bá ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ti tìtorí èyí tú gíabọ́ọ̀sì tí kò ṣe nǹkan kan.

KÍ LÓ Ń BÀ Á JẸ́ NÍ ILẸ̀ WA?

Èkíní ni eruku. Lásìkò ọyẹ́, ojú ọ̀nà wa tí wọn kò da ọ̀dà sí ń tú eruku tó kúná bí ìyẹ̀fun. Asẹ́ afẹ́fẹ́ tó ti ya, tàbí èyí tí wọ́n ti fi atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ títí tó fi lu, yóò jẹ́ kí eruku yìí kọjá lọ lẹ̀ mọ́ wáyà sẹ́ńsọ̀. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ kò ní lè mú wáyà náà tutù dáadáa mọ́, sẹ́ńsọ̀ yóò sì máa sọ iye tó kéré sí òótọ́. Asẹ́ tí wọ́n ń fi òróró pa, tí òróró rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, lè ṣe irú ìpalára kan náà.

Èkejì ni omi. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ máa ń fi omi tó ń tú jáde tagbára-tagbára fọ ẹ́ńjìnnì. Omi á wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn oṣù díẹ̀, píìnì inú rẹ̀ á ti dípẹtà.

Ẹ̀kẹta ni eku, tó fẹ́ràn kó máa jẹ wáyà ọkọ̀ tó bá wà nílẹ̀ fúngbà pípẹ́.

Ẹ̀kẹrin sì ni ọwọ́ èèyàn. Ẹni tó wá pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́ lè yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó má ti í bọlé dáadáa. Ríwáyà tó wá so áláàmù lè gé wáyà tí kò yẹ kó gé. Rọ́bà tó gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ́ńjìnnì náà lè ya, kí afẹ́fẹ́ máa gba ibẹ̀ wọlé láìkọjá lójú sẹ́ńsọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ń sọ òótọ́ ohun tó rí, ṣùgbọ́n ohun tó rí kọ́ ni gbogbo ohun tó wọlé.

BÍ WỌ́N ṢE Ń WÁ ÀRÙN NÁÀ NÍ ÌTẸ̀LÉ-N-TẸ̀LÉ

A kò sọ pé kí ẹ̀yin fúnra yín di mẹkáníìkì. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá mọ ìtẹ̀léra iṣẹ́ náà, ẹ óò mọ ẹni tó ń wá àrùn àti ẹni tó kàn ń pààrọ̀ nǹkan kiri.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Kí wọ́n ka gbogbo kóòdù tó wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má sì tí ì pa á rẹ́. Lásìkò tí kóòdù kan bá wọlé, ọkọ̀ máa ń tọ́jú bí nǹkan ṣe rí ní ìṣẹ́jú náà: bó ṣe ń sáré tó, bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ẹni tó bá pa kóòdù rẹ́ kó tó kà á ti nu ẹsẹ̀ olè nílẹ̀.

Kí wọ́n tún wo kóòdù tó bá a rìn. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tó wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú airflow, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ń lò. Tí P0102 àti P0113 bá jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, nítorí pé ó ṣòro kí sẹ́ńsọ̀ méjì kú lọ́jọ́ kan náà. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan kàn gbàgbé láti ti sọ́kẹ́ẹ̀tì náà bọlé ni. Tó bá sì jẹ́ P0171 ló bá P0101 rìn, ìyẹn ni pé epo kéré sí afẹ́fẹ́, kí wọ́n wo rọ́bà tó ya tàbí sẹ́ńsọ̀ tó dọ̀tí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Kí wọ́n pa ọkọ̀, kí wọ́n sì fi ojú wò ó. Ṣé àpótí asẹ́ pa dé? Ṣé asẹ́ kò ya? Ṣé kílíìpù rọ́bà le? Kí wọ́n fa rọ́bà náà díẹ̀, torí inú kóńkó rẹ̀ ni ibi tó ya sábà máa ń fara pamọ́ sí. Kí wọ́n yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n wo bóyá píìnì kan ti tẹ̀, ti wọ inú, tàbí ti ní àwọ̀ ewé. Kí wọ́n yẹ fíúsì tó ń fún ètò epo àti ẹ́ńjìnnì níná wò. EFI ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára nínú Toyota. Gbogbo èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Kí wọ́n ṣí ọkọ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀ kó máa yí, kí wọ́n sì rọra mi wáyà láti ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́yìn. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, tàbí tí nọ́ńbà orí síkánà bá fò, wáyà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ọ̀daràn. Ìgbésẹ̀ yìí ló wúlò jù fún ìṣòro tó ń wá, tó ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Kí wọ́n wo nọ́ńbà tí sẹ́ńsọ̀ ń ránṣẹ́ lójú síkánà. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa, tí wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù, tí ẹnikẹ́ni kò sì tẹ tọ́tù, lítà ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan sábà máa ń fa nǹkan bíi gíráàmù 1 tàbí tó fi díẹ̀ lé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì lítà 3 bíi ti Sienna àtijọ́ yóò wà ní nǹkan bíi gíráàmù 3 sí 5. Tí wọ́n bá tẹ tọ́tù, nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ gòkè láìfò, kó sì sọ̀ kalẹ̀ bákan náà.

Toyota tún fún wa ní ọ̀nà àbùjá kan. Tí síkánà bá ń fi 0.0 hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ṣeé ṣe kí wáyà tó ń gbé iná wá ti já, tàbí kí wáyà tó ń gbé iṣẹ́ lọ ti já tàbí kó ti kan ara ọkọ̀. Tó bá ń fi 271 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, áàtì sẹ́ńsọ̀ ni kí wọ́n wá lọ. Kò sí Sienna tó lè fa gíráàmù afẹ́fẹ́ 271 nígbà tó dúró sójú kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Iṣẹ́ ríwáyà tó ní mítà nìyí. Kí wọ́n yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ láìṣí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì fi mítà wo wáyà tó ń gbé iná wá. Iná bátìrì, ìyẹn nǹkan bíi fóòtì 12, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Toyota gba láti 9 dé 14. Tí iná kò bá dé ibẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tuntun mẹ́wàá kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Fíúsì, rilé àti wáyà ni kí wọ́n tọpa rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n pa kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n sì wọn áàtì. Ó yẹ kó kéré sí óòmù 1. Kí wọ́n wá wọn wáyà tó ń gbé iṣẹ́ lọ sí bíréènì bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní yíyọ lápá méjèèjì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, ó yẹ kó kéré sí óòmù 1. Láàárín òun àti ara ọkọ̀, ó yẹ kó ju óòmù 10,000 lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ti bó níbì kan, ó sì ti ń kan irin.

Tí gbogbo èyí bá pé, ìgbà yìí ni kí wọ́n tó dá sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́. Kí wọ́n dá sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì wo iná tó ń fi ránṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ máa yí padà bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kàn án. Tí kò bá mira rárá, tí iná àti áàtì rẹ̀ sì pé, sẹ́ńsọ̀ ti kú lóòótọ́. Ẹ lè wá lọ rà á nígbà yẹn, ọkàn yín á sì balẹ̀. Àwọn sẹ́ńsọ̀ kan wà, pàápàá nínú ọkọ̀ GM, tí kì í fi fóòtì tó ń lọ sókè sódò jíṣẹ́, nítorí náà kí ríwáyà mọ irú èyí tó ń wọ̀n.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa wáyà láti orí bátìrì wá kan wáyà tó ń gbé iṣẹ́ lọ "láti dán an wò." Bíréènì bọ́ọ̀sì lè jó níbẹ̀, owó rẹ̀ sì ju ti airflow lọ fíìfíì.

FÍFỌ̀ Ń BẸ KÍ Á TÓ RÀ

Tó bá jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ kàn dọ̀tí ni, fífọ̀ lè tó. Ohun tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ni kẹ́míkà inú agolo tí wọ́n ṣe fún airflow nìkan, tí wọ́n kọ "MAF cleaner" sí lára. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fi bẹntiróòlù, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ kàbúrétọ̀, búrọ́ọ̀ṣì, aṣọ tàbí ìka fọ̀ ọ́. Wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín gan-an, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí nǹkan líle bá kàn án, ó lè já. Atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ náà lè fọ́ ọ. Kí wọ́n fún kẹ́míkà náà sí i, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí wọ́n tó ti sọ́kẹ́ẹ̀tì bọlé, kí wọ́n sì wá pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹni tó fọ sẹ́ńsọ̀ tó sì fi asẹ́ tó ya sílẹ̀ yóò tún padà wá.

TÓ BÁ DI RÍRÀ

Nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ kọ sí ara sẹ́ńsọ̀ ni kẹ́ ẹ mú lọ sọ́jà, yálà Ládípọ̀ ní Èkó tàbí Agodi-Gate ní Ìbàdàn. Kì í ṣe pé ó jọra. Sẹ́ńsọ̀ méjì lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kí ìṣirò inú wọn sì yàtọ̀, ọkọ̀ á sì máa jẹ epo láìjẹ́ pé iná kankan tàn. Ojúlówó tòkunbọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá mu lè sàn ju ayédèrú tuntun lọ. Ẹ bá olùtajà ṣe àdéhùn kẹ́ ẹ tó sanwó: tí kò bá ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ óò dá a padà. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ yín títí tẹ́ ẹ fi rí i pé ìṣòro náà ti lọ pátápátá, nítorí ó lè jẹ́ pé èyí tẹ́ ẹ yọ yẹn gan-an ló dára.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢE ÌṢIRÒ

Ìṣòro yìí máa ń pẹ́ lára ọkọ̀ oníṣòwò nítorí pé ọkọ̀ ṣì ń rìn. Wọ́n á ní "ó ṣì ń gbé wa." Ká ní ọkọ̀ kan ń lo lítà 20 lójúmọ́, kí àṣìṣe airflow sì mú kó máa jẹ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Lítà 3 nìyẹn lójoojúmọ́. Tó bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, lítà 78 ló ṣòfò. Ẹ fi iye tẹ́ ẹ ń ra lítà kan lónìí sọ ọ́ di owó, kẹ́ ẹ sì rántí pé láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó epo kì í ṣe ohun tí oníṣòwò ń fojú di mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìyẹn wé owó tí ríwáyà yóò gbà láti fi mítà yẹ wáyà márùn-ún wò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣàṣìṣe ni pé a kì í fẹ́ sanwó fún àyẹ̀wò. Owó nǹkan tí a lè fọwọ́ kàn nìkan ló ń wù wá san. Mẹkáníìkì mọ èyí, nítorí náà ó ń fi èrè iṣẹ́ rẹ̀ sínú owó sẹ́ńsọ̀. Tí a bá sọ fún un pé, "Bọ̀dá, a óò san owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, yálà a ra nǹkan tàbí a kò rà," ọwọ́ rẹ̀ á yọ nínú ọjà títà, á sì ní àyè láti wá àrùn.

Ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kẹ́ ẹ bi í kẹ́ ẹ tó mówó jáde. Kóòdù wo ló jáde, ṣé òun nìkan sì ni? Ṣé iná dé sọ́kẹ́ẹ̀tì, fóòtì mélòó sì ni? Ṣé áàtì mú? Gíráàmù mélòó ni sẹ́ńsọ̀ ń kà nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan? Ẹni tó ti yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́ yóò dá yín lóhùn láìgba ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé tẹ́ ẹ fi ń ṣàkọsílẹ̀ ọkọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye kìlómítà. Tí ìṣòro bá tún yọjú lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ibẹ̀ ni ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ màámi oníbúrẹ́dì. Ká ní ẹni tó mú mítà dání ló kọ́kọ́ wo Sienna yẹn. Yóò rí i pé iná dé, áàtì mú, àmọ́ bó bá ti mi wáyà lẹ́bàá sọ́kẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà á já sí 0.0, á tún padà. Píìnì kan ló ti wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò mú dáadáa mọ́. Sẹ́ńsọ̀ tuntun tí wọ́n rà kò lè wo irú àìsàn yẹn sàn. Títì tí wọ́n ti sọ́kẹ́ẹ̀tì bọlé nígbà tí wọ́n ń dè é ló jẹ́ kí píìnì náà mú fún ọjọ́ méjì. Owó ọwọ́ ríwáyà àti píìnì kékeré kan ni gbogbo ohun tó yẹ kó bá a lọ, búrẹ́dì ọjọ́ kejì kì bá sì tí pẹ́ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Tí iná check engine bá tàn lára ọkọ̀ yín lọ́la, ẹ má ṣe sáré lọ sọ́jà, ẹ má sì fi sílẹ̀ kó pẹ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.